Wọ́n Ti Yọ Ọ̀pá Irin Kúrò Lẹ́sẹ̀ Mi

Kebirungi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kampala? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kánú? Kí Olúwa tó ń ṣọ́ wa lórí òkè níbí máa ṣọ́ ìwọ náà. Màmá rẹ ń kí ọ, ọkà bàbà ti gbó, màlúù sì ti bímọ.

Wọ́n ti yọ ọ̀pá irin tó wà nínú itan ọ̀tún mi láti ọdún méjì tí mo ti yọ̀ ṣubú lóko ẹ̀wà. Ọmọdébìnrin ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi ju tìrẹ lọ, àmọ́ ó fa irin gígùn yẹn jáde, mo sì gbé òṣùbà fún un. Ó gbé fọ́tò egungun ẹsẹ̀ mi sójú iná, wọ́n ti bọ́ ṣòkòtò, wọ́n tún bọ́ awọ àti ẹran kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi han ará abúlé wa kankan. Ó ní egungun á fúnra rẹ̀ dí ihò tí àwọn ìṣó fi sílẹ̀. Ihò ojú títì wa ńkọ́, tó ti wà láti ìgbà tí o wà ní kíláàsì kejì? Egungun mi mọṣẹ́ ju ìjọba lọ.

Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ẹni tí yóò dúró fún mi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo bá kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ engozi wa, àwọn mẹ́tàlélógójì tí wọ́n fi èjìká gbé mi sọ̀kalẹ̀ òkè lórí ibùsùn igi lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí ìlà tán, mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Akọ̀wé ní Bàbá, ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo ní ta ló lè dá àgbàlagbà gbé lórí òkè? Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ìwé mìíràn.

Ọmọ mi, ọdún méjì ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, tí mo jókòó. Kò sẹ́ni tó bú mi, ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó pé lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, àìsàn dé sí ìyá Tindyebwa. Tibenderana olórí ẹgbẹ́ ní kí n kàn máa rìn níwájú, kí n máa fọ̀nà hàn wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n bí wọn sí! Mo ti èjìká bọ abẹ́ igi. Níbi tó máa ń yọ̀, wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò gbà. Ìyá náà na ọwọ́ kàn mí lórí láti orí ibùsùn engozi, ó ní ṣé Karwemera nìyí, àwọn kan ní o ti darọ. Mo sunkún, ẹsẹ̀ kò sì dùn mí.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà rọ́bà ránṣẹ́. Ti òsì nìkan ni. Tuntun ni ti ọ̀tún, ó ti sinmi fún ọdún méjì. Bí o bá máa fi owó náà sínú fóònù, díẹ̀díẹ̀ ni o, fóònù màmá rẹ kéré.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, èjìká rẹ ò ní rọ. Bí ilé ìwòsàn bá pè ọ́, má fòyà, mi ò kú. Nígbà tí akọ̀wé fún mi ní ìwé kejì, mo ro gbogbo àwọn mẹ́tàlélógójì náà wò, mo sì rántí ẹni tó sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orúkọ rẹ nìkan ni mo kọ.

Èmi bàbá rẹ,
Karwemera