Bàálù Kékeré Tí Kì Í Fẹ́ Ká Na Ọ̀pá Sí Òun Lójú

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Àlàáfíà la wà níbí, bàbá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń hanrun bó ṣe máa ń ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ nílùú ńlá tí o wà yẹn, ẹni rere ni wàá máa bá pàdé. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, má kàn kọjá bẹ́ẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ bàálù kékeré tí ẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ yín, tí o fi ránṣẹ́ kí n máa fi lé ẹyẹ, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, ẹnu mi ò gbọpẹ́. O mọ̀ pé látìgbà tí orúnkún mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, n ò lè sáré lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì mọ́. Àwọn ẹ̀ga yẹn náà sì mọ̀! Bí mo bá pariwo lápá ibí, wọ́n á fò lọ sápá ọ̀hún, wọ́n á máa jẹ tiwọn lọ bí ẹni tó bá wa dáko. Ère alákìísà tí bàbá rẹ rì mọ́ àárín oko, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi. Bàbá rẹ wá ní bí wọ́n bá jẹ tọdún yìí náà tán bíi tèṣí, a máa fi oko náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì ni. Oko tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́! N ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí o ṣàlàyé lórí fóònù pé rédíò ni rìmóòtù tí mo ń dì mọ́wọ́ fi ń bá bàálù sọ̀rọ̀, kíá ló yé mi. Mo gbé etí lé rìmóòtù náà, n ò gbọ́ ìròyìn kankan, mo ní bóyá kò tíì tó àkókò. Mo wá lọ bẹ gbogbo àdúgbò pé bí mo bá wà lóko, kí wọ́n jọ̀ọ́ pa rédíò wọn, kí bàálù má baà lọ máa ṣe ohun tí ẹni tó ń ka ìròyìn bá wí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fò dáadáa, àwọn ẹ̀ga sá lọ. Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Jórinjórin tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin, ni bàálù bá ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, mo ní yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Mo fọwọ́ tilẹ̀kùn wọlé tọ ọkùnrin náà, mo ní kó dákun, kó yéé dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti bàálù mi. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú ẹ̀ fi jábọ́. Àmọ́ ọmọlúwàbí ni. Ó ní òun á máa jó irin tí oòrùn bá mú, nígbà tí ẹyẹ náà ń sinmi, òun á fi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni bátìrì ti ń jẹun báyìí, torí òun ló ní jẹnẹrétọ̀.

Síbẹ̀, bí bàálù bá ti jìnnà díẹ̀, á tún di adití. Bẹ́ẹ̀, mò ń na ọ̀pá èríà tó yọ lórí rìmóòtù sí i gan-an o, bó ṣe ń yí ni mò ń yí tẹ̀ lé e, kó lè mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí! Mo ní àbí torí pé ọwọ́ òsì ni mo fi dì í mú, a kì í sáà fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo pààrọ̀ ọwọ́, pàbó ló já sí. Nígbà tó ku díẹ̀ ká kórè, ẹ̀ga wá ya wọ oko bí òjò, bàálù lọ dé etí odò, kò gbọ́ tèmi mọ́ rárá. Ẹ̀rọ ẹ̀ dákẹ́, ó ń rọra yí po, yí po, títí ó fi bà sórí koríko. Mo bú sẹ́kún, mo ní oko ti bọ́ nìyẹn.

Bàbá rẹ ló lọ gbé e wá, nǹkan kan ò ṣe é. Ó wá wò mí sùn-ùn, ó ní ta ni wọ́n á máa na ọ̀pá sí lójú tó máa dáhùn dáadáa? Ó ní ẹni tí ọmọ wa rán wá bá wa ni, kí n bọ̀wọ̀ fún un. Ojú tì mí. Mo bẹ bàálù pé kó má bínú, mo gbé ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kó kọjú sí ẹ̀gbẹ́, mo tún rán an lọ. Háà, ọmọ mi, ó gbọ́! Ó lọ dé òpin oko, ó yà, ó padà, kò kọ̀ mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀ga kó ara wọn dà nù. Jọ̀ọ́, sọ fún ọ̀gá rẹ pé àwọn bàálù yín kì í gba ìwọ̀sí, kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí kí ará ọjà lè mọ̀.

A ti kórè. Bàbá rẹ ti ń sọ ibi tí a máa gbìn sí lọ́dún tó ń bọ̀, kò rántí mọ́ pé òun ló ní ká fi oko sílẹ̀. Àpò ìrẹsì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, sè é, má fi tọrẹ o. Bí nǹkan kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó bátìrì kan sí i ránṣẹ́, èyí tó wà ti ń tètè rẹ̀, sì fi ti epo jẹnẹrétọ̀ kún un, kí n má máa fi ẹnu lásán kí jórinjórin.

Ìwọ náà á bímọ tí á gbọ́ tìrẹ lókèèrè. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ.

Lánàá, ẹnì kan bi mí pé ọmọ mi tó wà nílùú ńlá yìí, ṣé ó tilẹ̀ ń wá ràn mí lọ́wọ́ lóko? Mo ní ó wá. Mo ní lọ́dún yìí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló fi sáré yípo oko náà, èmi ìyá ẹ̀ sì jókòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.