Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí N Kò Tíì Fọwọ́ Sí

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Iṣẹ́ Ṣúgà,
                                        Santa Rufina,
                                        Villa Clara, Cuba.
                                        Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹta, 1988.

Nivaldo, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Santa Clara? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tí ń yọ ọmọ lẹ́nu ti lọ? Àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ńkọ́? Ìyá mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀, o sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀túnla ni ìdíje àṣekágbá láàárín àwa àti Dos Palmas yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta nínú márùn-ún ni yóò gba ife-ẹ̀yẹ. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ṣúgà ti dá ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù wa sílẹ̀, a kò tíì gbà á rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Eladio, ni kóòṣì yàn láti ju bọ́ọ̀lù nínú eré àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ Ajé tó ti yàn wọ́n ni gbogbo ìlú ti pa ẹnu mọ́ sí wọn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kóòṣì pàápàá, ìka ló fi ń júwe fún wọn. Ìyá Hortensia a gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú sí ẹnu ọ̀nà, a kan ilẹ̀kùn, a sì yíjú padà. Ẹbí nìkan ló lè bá ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ títí eré yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, ìwọ nìkan ló kù.

Lánàá, àwọn ará ìlú péjọ sí abẹ́ igi fúrúùtù níwájú ibùdókọ̀. Ariwo wọn pọ̀ débi pé àlejò kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti wá là wọ́n. Baba Melquíades ló ń pariwo jù: "Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ará Dos Palmas ti na Eladio bí ẹni ń pa ejò! Apá ẹ̀ ti gbó!"

Ìyá Hortensia dá a lóhùn pé: "Melquíades, apá tìẹ tí ò gbó, kí ló ti jù rí? Àfi òkúta sí adìẹ mi!"

"Hortensia, oúnjẹ la ní o máa gbé, a ò ní o gbé ẹjọ́!"

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé kí Dairon Mesa, ọlọ́wọ́ òsì nì, gba ipò ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ojú sì yí sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ tí ìlú rán lọ sí yunifásítì, bá wa kọ ọ́ sí kóòṣì. Kó dùn o, kó má jọ èébú."

Mo kọ ọ́. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, Nivaldo, pé inú mi dùn bí mo ti ń kọ ọ́. Mo kọ pé ògo ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ògo ẹnì kan lọ. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ti fọwọ́ sí i. Ìyá Hortensia náà fọwọ́ sí i, ó nu ojú rẹ̀, ó sì lọ gbé oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ ka iná. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọ̀la, níbi ìdánrawò, ni mo gbọ́dọ̀ fi í lé kóòṣì lọ́wọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ wo ìdánrawò. Òjò ti ba ìjókòó tiwa jẹ́, mo sì lọ jókòó sí òdìkejì, níbi tí àwọn ará Dos Palmas máa ń jókòó sí. Ọmọ Santa Rufina kì í débẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù tó máa ń yà bàrà, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ a kọ́kọ́ là bí ẹnu ọmọ ẹyẹ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń lọ tààrà, kò ní là. Mo ṣọ́ ọ nígbà ogún, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará Dos Palmas tó ń fi igi gbá a mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n! Apá kọ́ ló gbó. Apá ni àwa ń wò, ìbọ̀wọ́ ló ń tú àṣírí.

Bí mo bá sọ fún kóòṣì, kíá ni yóò yọ wọ́n. Bí mo bá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n fúnra wọn, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. O mọ bí wọ́n ṣe di àṣà yìí mú tó. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, ẹ̀rù àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta wọ̀nyí sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí.

Rigoberto awakọ̀ ni yóò fún ọ ní lẹ́tà yìí ní ìrọ̀lẹ́ òní. Mo bẹ̀ ọ́, tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o bá a padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Sọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọn yóò ní wákàtí márùn-ún láti fi kọ́ ọwọ́ wọn. Bí ìbọ̀wọ́ náà bá pa ẹnu mọ́ ní agogo mẹ́ta, èmi yóò fa ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ya lójú gbogbo wọn, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ti fẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Baba Melquíades ní kí n kí ọ. Kò mọ ohun tí mò ń kọ sí ọ.

Mo ti fi àyè kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé náà fún orúkọ tèmi. Ní agogo mẹ́wàá, èmi yóò dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, kálàmù á wà lápò mi. Bí bọ́ọ̀sì bá dé tí n kò rí ọ kí o bọ́ sílẹ̀, èmi ni yóò ṣe ìkejìlélọ́gọ́ta.

Èmi tí mò ń wo ojú ọ̀nà rẹ, tìrẹ ni mí,

Abelardo Sardiñas