Àmù Tí Mo Yà Sọ́tọ̀ ní Kúdẹtì

Agboolé wa, Kúdẹtì,
Ìbàdàn.
Oṣù Kejì, 1957.

Olúdayọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé wọ́n ń fún yín ní oúnjẹ tó tó ọkùnrin nílé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù náà? Ọlọ́run tó mú ọ lọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà kò bá mi dá sí i, nítorí náà bí ó bá wọ́, fara dà á.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ọ̀rọ̀ tí àwa ń pè ní mímọ́, láti inú pé nǹkan mọ́ ni àwa Yorùbá ti fà á yọ, ṣùgbọ́n lédè àwọn Júù àtijọ́, ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́. Láti ogún ọdún tí mo ti ń se ọṣẹ dúdú, tí mo sì fi ń fọ aṣọ funfun ìjọ wa, mo rò pé ẹnu iṣẹ́ ìwà mímọ́ gan-an ni mo wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé kò gbọdọ̀ bá ìwé jà. Mo ní ó dáa, èmi náà á ya nǹkan sọ́tọ̀.

Àmù ńlá ẹnu ọ̀nà wa ni mo mú. Mo fọ̀ ọ́, mo pọn omi kún un, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo ní Ọlọ́run ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má bù níbẹ̀ mọ́. Àṣé yóò bí Ìyá Àkíbù ojúlé kejì nínú. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ agboolé yìí níyàwó ni èmi àti òun ti jọ ń pọn omi sí àmù yẹn, ibẹ̀ ló ti ń bu omi àlùwàlá, òun náà ló sì ń pọn omi sí i nígbà tí mo bá lọ ta ọṣẹ l'Ọ́jà'ba. Ó ní ṣé omi tí òun bá fọwọ́ kàn kò dáa fún Ọlọ́run mi ni. Mo ní rárá, Olúdayọ̀ ló ní ká yà á sọ́tọ̀. Ó wò mí, ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó di ìdí ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò kí mi. Ilé dá páropáro lójú mi. Mo se ẹ̀wà, n kò rí ẹni bù fún.

Lọ́jọ́ kejìlá ni wolé-wolé ìjọba dé, tó ń yẹ ojúlé wò kiri. Ó ṣí aṣọ funfun, ó wo inú àmù, ó mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo rò pé orúkọ àwọn tó ya nǹkan sọ́tọ̀ ní Kúdẹtì ni ìjọba ń gbà, mo ní kó kọ Rachel, orúkọ ìrìbọmi mi, kó sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ó ní omi tí a kò bù ti di ilé ẹ̀fọn, tanwíji ló kún inú rẹ̀, kí n yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá Àkíbù ló jáde. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, ó ní kó foríjì wá, pé àwa méjèèjì la ni àmù. Àwa méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ló wí. Wolé-wolé fa ìwé náà ya, a da omi nù, a jọ fi ọṣẹ mi fọ àmù. Níbi tí a ti ń fọ̀ ọ́ ló ti ní òun náà ya kẹ́tùlù àlùwàlá òun sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi í po ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí tanwíji kò fi ráyè níbẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo ní ọṣẹ ló kó sí mi lójú.

Nítorí náà, bí o bá tún ń kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí mi, kọ iṣẹ́ tí a ó fi ṣe mọ́ ọn. Àmù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń ti Oríta-mẹ́rin bọ̀ pàápàá ń mu níbẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ife tánńganran. Ọ̀kan ṣoṣo ni o, bí ó bá di méjì a ó tún máa ya tẹnìkan sọ́tọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un wá, Kérésì méjì ló ti kọjá tí a kò rí ọ.

Ìyá Àkíbù jókòó tì mí bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ní kí n bá òun fi àdúrà kan sí i, mo sì ti ṣe àmín sí i: Ọlọ́run tó yà ọ́ sọ́tọ̀ kò ní yà ọ́ kúrò lára wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel.