Omi Sàdákà Tí Èmi Fúnra Mi Kì Í Mu

Ọdún tí owó wọ́n nílẹ̀ yìí, tí a ò rí owó tuntun tàbí ti àtijọ́ ná, tí èmi àti aládùúgbò mi ń fi gààrí gba ata lọ́wọ́ ara wa, ọdún yẹn ni ọkọ mi kú. Ibẹ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, torí mi ò mọ̀wé, mi ò mọ ọdún tí òyìnbó ń kà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ó ní ẹ̀yin ará pèéjì yìí kì í bèèrè orúkọ, ó tún ní kí n rọra máa sọ ọ́, mo ní bí mo bá rọra, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́... Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ń tì mí. Àgbàlagbà bíi tèmi, mi ò lè wo ojú obìnrin kan tó kéré sí àbíkẹ́yìn mi.

Mọ́wé níbí la kọ́lé sí, látìgbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Lọ́dún kejì tí bàbá wọn kú, àkọ́bí mi ọkùnrin tó ń gbé ní Arepo gbẹ́ borehole sínú ọgbà wa, ó fa ẹnu ẹ̀rọ síta kí gbogbo àdúgbò lè máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní sàdákà jááríyà ni fún bàbá òun, sàdákà tí èrè ẹ̀ kì í tán. Ẹ ò lè mọ bínú mi ṣe dùn tó. Bí mo bá kírun àárọ̀ tán, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já garawa sílẹ̀ tí wọ́n ń ṣàdúà pé kí Ọlọ́run tẹ́ baba sí afẹ́fẹ́ rere. Ààfáà ti wí fún wa níbi àdúà ogójì pé bí wọ́n bá gbẹ́ omi sàdákà fún òkú, bí ẹ̀dá bá ṣe ń mu ún ni láádá, èrè Ọlọ́run, á ṣe máa dé bá òkú náà nínú sàréè. Èmi gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lójú tèmi, bí ẹnì kan bá gbé ife lé ẹnu, ọkọ mi ló mu.

Kò pẹ́ tí omi náà fi yí padà. Bí ẹ bá pọn ọ́n láàárọ̀, ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti pọ́n bíi tíì, ó ń rùn bí irin, ẹ̀bà tí wọ́n bá fi tẹ̀ á dúdú bí ẹni fi èédú po ó. Mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo nídìí ẹ̀rọ: "Ẹ wá mu tíì Bàbá o, ẹ kàn wá ṣúgà!" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í pe mẹ́rúwà, àwọn tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri. Ẹnu ẹ̀rọ wa wá dákẹ́. Màá jókòó sí fèrèsé láàárọ̀, mi ò ní gbọ́ garawa kankan... ó wá dà bíi pé òǹgbẹ ń gbẹ ọkọ mi níbi tó wà. Ṣé ẹ rí ohun tí ọ̀fọ̀ lè gbé síni lórí?

Ni mo bá lọ sí mítìn àwọn onílé. Alága wa, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe ẹ̀, kì í lè kọ ọ̀rọ̀ mi. Mi ò sọ ti láádá fún wọn o, mo ní ọmọlanke ń ba ọ̀nà jẹ́, mo ní olè ló ń tẹ̀lé àwọn mẹ́rúwà wọlé. Mo ní omi ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni tún ń wá? Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ọlọ́dẹ má jẹ́ kí mẹ́rúwà tàbí tánkà kankan wọ géètì àdúgbò mọ́. Àwọn onílé ní kànga tiwọn lẹ́yìnkùlé, kò dùn wọ́n. Ayálégbé lọ̀rọ̀ bá, ayálégbé kì í sì í sọ̀rọ̀ ní mítìn onílé.

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí tó burú níbẹ̀. Èmi tí mo ṣe òfin yẹn, mi ò mu omi náà mọ́ látìgbà tó ti ń pọ́n. Inú máa ń run mí. Gbogbo Jímọ̀ ni ọmọ mi máa ń kó kẹ́ẹ̀gì omi sí bùútù mọ́tò ẹ̀ láti Arepo, á wọlé, á ti géètì wa, á kó o sílẹ̀, èmi á fi tapólì bò ó. Òun ni mo fi ń sebẹ̀, òun ni mo fi ń fọ aṣọ funfun mi. Ọmọ tó gbẹ́ omi sàdákà ò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ mu ún...

Alágbàfọ̀ kan wà ládùúgbò wa, ará apá Ọ̀ṣun ni, yàrá kan lòun àtọmọ ẹ̀ ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Ayọ̀. Aṣọ funfun ni iṣẹ́ ẹ̀, sùtánà àwọn ìjọ aláṣọ funfun, jalábíà àwọn Mùsùlùmí. Kí òfin tó dé, omi mẹ́rúwà ló ń rà. Lọ́jọ́ kan ó wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ alága, sùtánà ìkórè ìjọ kan wà lọ́wọ́ òun, omi ẹ̀rọ yìí ń pa aṣọ láró. Mo ní òfin ti jẹ́ òfin. Bó ṣe ń dìde báyìí ló rí aṣọ mi lórí okùn, funfun báláú. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá! Omi kan náà yìí kọ́? Kí lẹ fi ń fọ tiyín?"

Kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn mi lábẹ́ tapólì. Mo lè sọ òótọ́, àbí mi ò lè sọ ọ́? Mo ní, "Bleach ni. Dà á sí i dáadáa, kóo rẹ ẹ́ mọ́jú." Ó tún kúnlẹ̀ ó dúpẹ́. Ó ní ìdí nìyí tó fi dáa kéèyàn ní àgbà nítòsí.

Ó ṣe bí mo ṣe wí. Bleach tún wá mú kí irin inú omi yẹn lẹ̀ mọ́ aṣọ sí i, sùtánà náà pọ́n bí irin tó dógùn-ún, kò sí ọṣẹ tó lè ṣí i mọ́. Àwọn ará ìjọ wá ká a mọ́lẹ̀kùn, wọ́n bú u bí ẹni láyin, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọṣọ lọ. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tíìnì, mò ń gbọ́. Ẹ̀yin ará, obìnrin yìí ò di ẹ̀bi rù mí. Ó ní, "Màmá kọ́ mi dáadáa, ọwọ́ mi ló ṣì í." Lọ́sẹ̀ tó lọ yìí, ó wá dágbére fún mi, ó ní òun ti rí yàrá ní apá Ọ̀fàdà, tí oṣù bá parí òun ń lọ. Ó ní kí n má bínú pé òun ba ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ òun jẹ́, kí n gbàdúà fún òun. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúà ò jáde...

Mo ti pe àwọn ọmọ mi jọ. Àkọ́bí mi ní òun á bá alága sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kí wọ́n ṣí géètì fún mẹ́rúwà, ṣùgbọ́n kí n má sọ ti kẹ́ẹ̀gì fún ẹnikẹ́ni, torí orúkọ bàbá wọn. Ṣé kí n gbà fún un? Ṣé bí géètì bá ṣí, tí obìnrin yẹn sì kó lọ pẹ̀lú èrò pé ọwọ́ òun ló ṣì, ó ti tán nìyẹn? Àbí kí n dìde ní mítìn, lójú onílé àti ayálégbé, kí n sọ gbogbo ẹ̀? Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ọkọ mi ni mò ń tú láṣìírí àbí ara mi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, oṣù ń parí lọ, ọmọ ọmọ mi yìí á ka gbogbo èsì yín fún mi, ẹ má wo ọjọ́ orí mi.

 Ohun tí mo sọ fún gbogbo àwọn ọmọ mi ni pé tí ọlọ́jọ́ bá dé, kí wọ́n má gbẹ́ omi kankan lórúkọ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe sàdákà fún mi, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ń gbé àdúgbò léèrè omi tí wọ́n fẹ́ mu. Bí wọ́n bá sì ní ti mẹ́rúwà làwọn fẹ́, kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún mẹ́rúwà.