Àpò Ìtọ̀ Arẹwà Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé o ń jẹun, ṣé ìtọ̀ rẹ mọ́? Má rẹ́rìn-ín o, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn látìgbà tó o ti sọ pé fáírọ́ọ̀sì lò ń kó sára sẹ́ẹ̀lì àpò ìtọ̀ màlúù níbi iṣẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ràn ọ́. Máa fi ọṣẹ fọwọ́ kó o tó jẹun, tó o bá sì fọ̀ ọ́ tán, tún un fọ̀.

Arẹwà, màlúù wa, ti kú. Àárọ̀ Mọ́ńdè la bá a nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń tọ̀ títí tó fi lọ. Látìgbà náà, inú ilé màlúù ni bàbá rẹ ń jókòó sí, tó ń wo okùn tá a fi ń so ó. Bí mo bá ṣe gbé oúnjẹ fún un náà ni mo ṣe ń gbé e padà.

Mo ṣàlàyé fún un bó o ṣe ṣàlàyé fún mi, lọ́jọ́ tí mo gbé fóònù sí Arẹwà létí pé kó o bi í ibi tó ń dùn ún, tó o sì kọ̀ tí o ò bi í. Mo ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fún un lágbára, maitokọ́ńdíríà tí wọ́n kọ́ wa ní girama. Pé tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ àpò ìtọ̀, àwọn ẹ̀rọ yẹn á máa bà jẹ́, sẹ́ẹ̀lì á sì máa jẹ èyí tó bà jẹ́ bí ẹni ń palẹ̀ ilé mọ́. Bàbá rẹ ní, “Ta ló wá ń ṣe òmíràn dípò?”

Ni mo bá rántí èyí tó o fi tù mí nínú, pé màlúù tó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ̀ ń lò ti kú tipẹ́, síbẹ̀ wọ́n wà láàyè nínú ìgò, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó móoru, ẹ sì ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá rẹ dìde. Ó ní kí alápatà yọ àpò ìtọ̀ Arẹwà wá, ká fi ránṣẹ́ sí ọ. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, mo fi iyọ̀ ra á dáadáa, mo yan án títí ó fi gbẹ, kó má baà rà lọ́nà. Ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Owó odindi èrò kan ló gbà, ó ní òórùn rẹ̀ gba àga. Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, ọwọ́ mi ti gbẹ.

Dókítà ẹran yà wá kí wa láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, ó ní, “Ìyá, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè yè é lẹ́yìn iyọ̀ àti iná.” Mi ò lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Àná ló jẹun, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì bi mí bóyá kọ́bọ́ọ̀dù yẹn móoru tó.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí fún wa, kí ara rẹ má ṣe jẹ ara rẹ̀. Tí bàbá rẹ bá pè ọ́, jọ̀ọ́, sọ fún un pé Arẹwà ń jẹun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ