Obìnrin Ìlú Tó Jìnnà

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Mo parí ẹ! Ìwé ìbéèrè lórí ohun táwọn ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà rò nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ — ọwọ́ èmi Rachel ló ti jáde. Ọ̀gá mi — Bíróò Pupa, torí bó ṣe ń fagi lé ọ̀rọ̀ — ní tí àwọn èèyàn ò bá dáhùn, ìwé ìbéèrè ti òkè òkun lòun máa lò. A óò rí i.

Ìṣẹ́gun, 6
Ọ̀kà. Ìtìjú. Ìbéèrè kìíní: "Bí ọpọlọ ọmọ yín bá dàrú, ibo lẹ máa gbé e lọ?" Bàbá Ládélé ò jẹ́ kí n kà á tán. "Ọmọ ta ni? Ọlọ́run ò ní jẹ́!" Ti Ìyá Kafilat aránṣọ tún burú jù — ó ń ta ìka yí orí ara ẹ̀ ká, ó lé mi dé títì tòun ti téèpù lọ́rùn: "Orí mi kọ̀ ọ́! Kó máa padà sórí ẹ!" Gbogbo ilé tí mo wọ̀, bákan náà. Mo di bíróò mú, mò ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ láti ojúlé dé ojúlé. Èmi tí wọ́n bí sí Ìkàrẹ́!

Ọjọ́rú, 7
Bíróò Pupa ní Ẹtì lòpin.
Màámi ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ọkọ ẹ̀ sá lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀: "Obìnrin kan báyìí, kì í ṣe ìlú yìí o." Mo fò dìde. Ó bi mí bóyá kòkòrò ló ta mí.
Ìbéèrè tuntun: "Obìnrin kan wà ní ìlú kan tó jìnnà. Kì í sùn, ó ń dá sọ̀rọ̀. Kí ni kí àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe?"

Ọjọ́bọ̀, 8
Wọ́n sọ̀rọ̀ títí bíróò mi fi gbẹ! Bàbá Ládélé ní kí wọ́n má so ó mọ́lẹ̀ o, èèyàn ni, kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Ìyàwó ẹ̀ ní rárá, àdúrà ni. Wọ́n ń jà lórí obìnrin tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì dá sílẹ̀! Ìyá Kafilat fúnra ẹ̀ ló pè mí wọlé. Ó gbọ́ ọ tán, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó bi mí bóyá oògùn ọsibítù lè jẹ́ kó sùn. Mo ní ó ṣeé ṣe dáadáa. Ó padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Ẹtì, 9
Bíróò Pupa kà á tán, kò fagi lé ìlà kan! Ó ní ká kó ti òkè òkun padà sínú àpótí. Mo jó délé.

Ajé, 12
Ìyá Kafilat wá bá mi n'Ìkàrẹ́. Ó ní, "Obìnrin ìlú tó jìnnà yẹn, ọsibítù wo ni wọ́n gbé e lọ?" Mo ní wọn ò tíì gbé e lọ. Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́?"

Ìṣẹ́gun, 13
A lọ sọ́sibítù, a bọ̀. Dókítà fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Kafilat, ó fún un lóògùn. Nínú mọ́tò, Kafilat jókòó sáàárín èmi àti ìyá ẹ̀. Ká tó dé Ọ̀kà, ó ti sùn.