Ọmọ Mi, Kí Lò Ń Wí Nínú Orin Yẹn?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọ̀fun rẹ ṣì wà níbi tó wà nígbà tí mo bí ọ? Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ aláriwo tó tún ń ṣọ́ ẹni jẹ́jẹ́ á máa ṣọ́ ọ. Kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, kò ní jẹ́ kí onílé lé ọ jáde, kò ní jẹ́ kí aládùúgbò pè ọ́ lẹ́jọ́. Àmín. Ìdí maṣíìnì ìránṣọ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, aṣọ oníbàárà sì wà lórí itan mi, nítorí náà tí o bá rí i tí ọ̀rọ̀ kan wọ́, ẹsẹ̀ mi ló ṣèèṣì tẹ maṣíìnì.

Orin tí o ní kí n gbọ́ ti dé. Mo gbé fóònù lọ bá atúnfóònùṣe tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, torí mi ò mọ ibi tí orin máa ń gbà wọ inú fóònù. O ní orin wúwo ni wọ́n ń pè é. Kó tó wọlé, mo gbé fóònù náà lọ́wọ́ wò, lẹ́yìn tó wọlé, mo tún gbé e wò, kò fi nǹkan kan wúwo ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí ọmọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bóyá wọ́n ti yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó wò mí títí, ó ní Màmá, ó pé.

Kí orin náà tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan yọjú nínú fóònù, ó ń polówó ọṣẹ ìfọyín. Mo kí i, mo bi í bóyá ọ̀rẹ́ rẹ ni, kò dáhùn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ṣeun, mo ṣì ní ọṣẹ nílé. Bó ṣe lọ báyìí ni jìtá bẹ̀rẹ̀, ìlù tẹ̀lé e bí ẹni pé òrùlé ń já, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹnìkan tó ń bú ramúramù bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Mo pariwo pé kí wọ́n bu omi wá. Àṣé ìwọ ni. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi tó ń fi ohùn tín-ín-rín kí àlejò! Atúnfóònùṣe ní ìwọ gan-an ni, ó fi àwòrán rẹ hàn mí, ẹnu rẹ sì là débi pé mo rí eyín tí mo ti ń sọ pé kí o lọ yọ láti ọjọ́ yìí. Lọ yọ ọ́.

Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán náà ló tún já mi láyà. Ẹnìkan kọ ọ́ pé ọmọbìnrin yìí ti pa wá. Òmíràn ní òun ti kú, kí wọ́n má jí òun. Àìmọye èèyàn ló ya iná síbẹ̀. Mo ní kí atúnfóònùṣe bá mi dá wọn lóhùn pé èmi ni ìyá ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ẹni tó bá wà nítòsí sì pe panápaná. Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ èsì mi. Má dá wọn lóhùn o. Ẹni tó ti kú tó tún ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ibi tí a ti ń sọ èyí ni Dòrémì wọlé dé. O ṣì máa rántí rẹ̀, tíṣà tó kọ́ yín lórin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, iṣẹ́ tó kù tó ń ṣe ni kó máa wá ẹni tó ń ṣi orin kọ kiri àdúgbò. Ẹgbẹ́ mi ni, mi ò lè máa pè é ní "wọ́n". Ó gbọ́ orin rẹ dópin, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, bí ẹni pé gíláàsì ló fi gbọ́ ọ. Ó ní jìtá dára, ìlù dára, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ yìí ń wí? Ó ní orin tí èèyàn ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ariwo lásán ni, àti pé ta ló mọ̀ bóyá èébú ló ń bú wa tí a jókòó tí à ń mi orí síbẹ̀. Atúnfóònùṣe ní rárá o, Tíṣà, ohùn yẹn náà dà bí jìtá kan ni, ṣé ẹ máa ń bi jìtá pé kí ló ń wí ni? Ó ní gbogbo ara ni wọ́n fi ń gbọ́ irú orin yìí. Dòrémì ní nínú gbogbo ara tòun, orúnkún tó ń dun òun nìkan ló gbọ́ nǹkan kan.

La bá tún un gbọ́ ká lè mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Dòrémì búra pé o ní "ẹ gbé àga wá", bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ti wà lórí ìdúró látìgbà tó ti dé. Atúnfóònùṣe ní "bátìrì ti kú" lo sọ. Èmi gbọ́ "màámi, ebi ń pa mí" kedere, díẹ̀ ló kù kí n di oúnjẹ sínú àpò kí n máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ mi, tí atúnfóònùṣe gbé orin náà sórí sípíkà ńlá tó fi ń pe oníbàárà, ẹsẹ̀ mi ti ń tẹ maṣíìnì tẹ̀lé ìlù yẹn. Kí n tó mọ̀, mo ti rán apá aṣọ mọ́ ọrùn aṣọ. Orin náà dùn mọ́ mi, mi ò sì gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti bàbá rẹ fún ọ báyìí. O mọ̀ pé wọn kì í tètè gbọ́ràn, ṣùgbọ́n o ò mọ ibi tó bá wọn dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú ní sọ́mìlì ti ba etí wọn jẹ́. Wọ́n ní tí èèyàn bá ń bá àwọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí ló rí. Wọ́n ti gbé rédíò wọn ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, wọ́n ní àwọn olórin ayé ìsinsìnyí ò la ẹnu dáadáa, bẹ́ẹ̀ orin tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba fóònù lọ́wọ́ mi mọ́ tí o bá pè. Wọ́n á ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n ní àwọn ti sùn. O bi mí nígbà kan bóyá inú ń bí wọn pé o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ torí orin. Inú ò bí wọn. Ojú ló ń tì wọ́n. Wọn ò fẹ́ kí o máa pariwo kí àwọn sì máa dáhùn ohun tí o ò bi àwọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó kún orí wọn, wọ́n sì fọwọ́ ti sípíkà náà kí wọ́n lè gbọn bàtà wọn. Wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n bi wá pé irú ẹ̀rọ wo la tàn síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, wọ́n ti fi àyà ti sípíkà, wọ́n sì gbá a mọ́ra. Ojú tì mí díẹ̀, torí wọn ò gbá èmi mọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹn láti ìgbà tí a ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ dúdú kan pé ỌMỌ YÍN NI. Wọ́n kà á, wọ́n wo ẹ̀yìn sípíkà bí ẹni pé o máa ti ibẹ̀ yọjú. Wọ́n ní èwo lòun nínú gbogbo rẹ̀? Mo kọ ọ́ pé ÈYÍ TÓ Ń BÚ RAMÚRAMÙ. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní ṣé èyí tó ń gbọ̀n rìrì nísàlẹ̀ yìí? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín débi pé lẹ́búlẹ́bú pákó ń jábọ́ lórí wọn. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà síbẹ̀, atúnfóònùṣe ní oníbàárà ò ríbi gbà wọlé mọ́.

Dòrémì ò gbà. Ó ní kí ọkùnrin àgbà máa gbá orin tí kò mọ ohun tó ń wí mọ́ra, ewu ńlá ni. Òun ló ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ránṣẹ́. O fi ránṣẹ́ lóòótọ́, o sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi han bàbá rẹ. Mo jókòó, mo kà á.

*Mo pè yín nínú yàrá, yàrá dákẹ́.*
*Mo pè yín nídìí oúnjẹ, ṣíbí ló dáhùn.*
*Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?*
*Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?*

Èmi tí mo ti ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì lórí àga, àṣé ọ̀rọ̀ ilé mi ni mò ń jó sí. Ó ṣe díẹ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́ orin náà rárá. Inú bí mi sí ọ díẹ̀, ó bí mi sí Dòrémì gan-an, torí òun ló ní ká lọ wá ọ̀rọ̀ wá. Mo kà á sí i létí kó lè yó dáadáa. Ó fun imú rẹ̀, ó ní gírámà rẹ̀ dára.

O ní kí n má fi han bàbá rẹ. Mo fi hàn wọ́n. Mo tẹ́ aṣọ dúdú yẹn sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, wọ́n sì wá àga jókòó. Wọ́n ní ṣé ohun tí ọmọ yìí ti ń rò nìyí? Wọ́n ní àwọn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ló ti sú u tí kì í fi í taku pé àfi kó bá àwọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé aṣọ náà kọ́ èjìká, wọ́n sọdá lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe, wọ́n ní kó tan orin.

Wọ́n gbé ọwọ́ kan lé sípíkà, wọ́n fi ìka ọwọ́ kejì sórí ọ̀rọ̀, atúnfóònùṣe ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká kí wọ́n lè mọ ìlà tí o dé. Nígbà tí o dé ibi ṣé ẹ wà níbẹ̀, bàbá rẹ lahùn. O mọ̀ pé wọn ò mọ bí ohùn wọn ṣe ń ga tó mọ́. MO WÀ NÍBÍ! Obìnrin kan tó wá tún ojú fóònù rẹ̀ ṣe jù ú sílẹ̀, ó tún fọ́. O tún bi wọ́n, wọ́n tún dáhùn, MO WÀ NÍBÍ! Iye ìgbà tí o bi wọ́n náà ni wọ́n dáhùn. Dòrémì dìde, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ní ohùn wọn dára ṣùgbọ́n wọ́n ń yára wọlé jù.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Dòrémì àti atúnfóònùṣe ń jà lé lórí yẹn, mi ò mọ ẹni tó jàre. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ orin rẹ láìka ohun tó ń wí sí, torí iṣẹ́ pọ̀, ẹsẹ̀ mi sì nílò rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mi ò sì lè rán nǹkan kan. Orin kan náà ni o.

A ó wá síbi tí o ti máa kọrin lóṣù tó ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, fi ti ojú fóònù obìnrin yẹn kún un, àti ti aṣọ oníbàárà tí apá rẹ̀ wà lọ́rùn, nítorí ìwọ lo fà á. Bàbá rẹ ní ibi tí sípíkà ti tóbi jù làwọn máa dúró sí. Dòrémì ní òun náà ń bọ̀, òun fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé tí ọ̀rọ̀ bá parí. Bá a wá àga.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn tí wàá fi bú ramúramù títí wàá fi darúgbó, kó fún ọ ní ọkọ tí kì í sùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí gbogbo ẹni tí o bá pè máa dá ọ lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.

Bàbá rẹ ní kí n fi ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ fún àwọn. Ọwọ́ tiwọn nìyí:

Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Má ṣe dín in kù fún ẹnikẹ́ni.